Ẹ jẹ́ kí líìgì kékeré di "tiwa" kó tó kú

1/ Ẹ jókòó, ẹ fomi tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́, thread yìí máa gùn díẹ̀. Baseball ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ má tíì sá lọ o! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín baseball àti cricket. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n tó o bá ti fẹ́ràn nǹkan kékeré kan rí, tó o wá ń wò ó bó ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

2/ Lọ́dún tí mo parí yunifásítì, mo ríṣẹ́ oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ tíìmù kékeré kan. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa fi fóònù ya fídíò, kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i, kí n gbé e sórí Instagram àti TikTok. Mi ò ní dárúkọ tíìmù yẹn, torí àwọn tó ṣe mí dáadáa níbẹ̀ ṣì ń jẹun lára ẹ̀. Pápá wọn gba bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo fúnra mi ka orí àwọn tó wá. 211. Ọmọ ọwọ́ wà nínú ẹ̀ o.

3/ Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá lẹ́ẹ̀mejì nínú eré kan ṣoṣo. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbi tí èrò wà, ariwo á gba ìlú. Níbi tiwa, bàbá arúgbó kan ló dìde pàtẹ́wọ́, èmi ṣìkejì ẹ̀. Nígbà tí mo lọ bi ọmọ yẹn ní orúkọ ìlú ẹ̀ kí n lè kọ ọ́ sábẹ́ fídíò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù méjì lòun ti wà níbẹ̀, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi òun níbi tóun ti wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Òun ló bí thread yìí.

4/ Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná. Major League Baseball, ìyẹn MLB, ni ilé ńlá. Tíìmù 30 ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn ni àwọn tíìmù kékeré tó ń tọ́ ọmọ dàgbà fún wọn wà, ilé ńlá ló sì ń san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn líìgì kan wà tí ò ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan: Atlantic League tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Frontier League, American Association, Pioneer League. Líìgì olómìnira ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ń wá agbábọ́ọ̀lù, àwọn ló ń sanwó fún wọn, àwọn ló ń ra epo sí bọ́ọ̀sì. Tí tíkẹ́ẹ̀tì ò bá tà, ebi dé nìyẹn.

5/ Wàhálà ọ̀hún tún wá pọ̀ sí i. Nígbà tí sáà 2021 fi máa bẹ̀rẹ̀, MLB ti gé àwọn tíìmù kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀ kù sí 120. Ó lé ní 40 tíìmù tó jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé òun ti di ọmọ òrukàn. Pioneer League tó ti wà láti 1939, odindi ẹ̀ ló di olómìnira. MLB fún díẹ̀ nínú àwọn líìgì yìí lórúkọ tó dùn, "Partner League." Orúkọ ò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù bá dé, àpò ara wọn ni wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀.

6/ Ẹnì kan á ní, "Kí ló kàn mí? Tó bá kú, ó kú." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti kú. Ní Newark, New Jersey, wọ́n kọ́ pápá kan tó ṣí ní 1999. Owó tó wọlé sí i lé ní 30 mílíọ̀nù dọ́là. Newark Bears gbá eré níbẹ̀ títí di 2013, wọ́n kógbá sílé. Wọ́n wó pápá yẹn ní 2019. Ní Camden, ní New Jersey yẹn náà, pápá kan ṣí lẹ́bàá odò Delaware ní 2001. Tíìmù ibẹ̀ parí ní 2015, ìparí 2018 ni katakata dé.

Pápá méjì, kò sí èyí tó ju ogún ọdún lọ láyé. Owó ará ìlú wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ tó rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀, gbogbo wọn tú ká. Ìdí nìyẹn tó fi kàn wá.

7/ Ẹ wá gbọ́ èyí. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Shooting Stars ni tíìmù bàbá mi. 3SC gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, òun ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà yẹn, ó ti já wálẹ̀ láti líìgì àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò rí ọjọ́ kan kí bàbá mi sọ pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ wá tíìmù míì." Wọ́n á bínú, wọ́n á bú kóòṣì, wọ́n á pa rédíò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún tan rédíò. Tó o bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ṣebí tiwa ni."

Tiwa ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ.

8/ Àwọn líìgì olómìnira tó ń ṣàìsàn, kì í ṣe pé eré wọn ò dáa. Àìsàn wọn ni pé wọ́n fẹ́ jọ MLB. Wọ́n fẹ́ jẹ́ MLB kékeré. Ta ló sì fẹ́ ra MLB kékeré nígbà tí MLB gidi wà lórí fóònù ẹ? Ohun tí MLB ò lè fún ìlú kékeré ni kí tíìmù jẹ́ ti ìlú yẹn pátápátá. Ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, òun gan-an ni wọn ò sì tà. Èrò tèmi nípa bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe rè é, ní kókó mẹ́jọ.

9/ ÀKỌ́KỌ́: ẹ yé ta ohun tí ẹ ò ní. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n máa kọ sórí gbogbo ìpolówó ni "Wá wo ìràwọ̀ ọ̀la." Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwọn tí ilé ńlá ti dá sílẹ̀, tàbí àwọn tí wọn ò mú rárá. Wọ́n ń retí kí fóònù dún. Tó bá sì dún, tí tíìmù MLB kan ra ìwé àdéhùn ẹ̀, ọ̀la ló máa lọ. Àdúrà gbogbo wa nìyẹn, a ò bínú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú ẹ̀ lo fi ta sáà, kí lo fẹ́ tà lọ́jọ́ kejì?

Ta ohun tí ò ní lọ: alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà ooru, pápá tí ọmọ lè sáré kiri inú ẹ̀, àwọn aládùúgbò tó jókòó pọ̀.

10/ ÌKEJÌ: ẹ wo àpò ẹni tó fẹ́ ni tíìmù kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ní Gastonia, North Carolina, ìlú kọ́ pápá tuntun tó ṣí ní 2021. Nígbà tó fi máa di ìparí 2023, ìlú ti fagi lé àdéhùn, líìgì sì ti yọ tíìmù náà kúrò, lórí ọ̀rọ̀ owó. Àwọn míì ló wá gba pápá yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní Frederick, níbí ní Maryland, tíìmù kan wọ Atlantic League ní 2023. Sáà kan péré. Kò sí i mọ́.

Àbá tèmi: ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kó owó oṣù agbábọ́ọ̀lù àti owó bọ́ọ̀sì odindi sáà kan sí báńkì, kí líìgì di kọ́kọ́rọ́ mú. Tí ò bá lè ṣe é, kó máa wo eré láti ìta bíi tiwa. Líìgì tíìmù mẹ́fà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sàn ju ti mẹ́wàá tí mẹ́rin ń sá fún olówó wọn. Tí tíìmù kan bá kú láàárín sáà, gbogbo líìgì ló ń sanwó òkú.

11/ ÌKẸTA: ẹ dín ìrìn kù. Líìgì kan wà ní ìlú Utica, Michigan, USPBL ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Gbogbo tíìmù inú ẹ̀ ló ń lo pápá kan ṣoṣo! Kò sí bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́jọ, kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Owó tó yẹ kó bá epo lọ ń dúró nílé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo líìgì ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí èmi náà fẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kí àwọn tó múlé ti ara wọn máa pàdé dáadáa. Tí ẹ bá ti rin ìrìn jíjìn débì kan, ẹ gbá eré mẹ́fà níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Ìjà aládùúgbò ló sì ń dùn ún wò jù. Ẹ bi ará Ìbàdàn àti ará Abẹ́òkúta.

12/ Mo tún fẹ́ fi èyí kún un. Atlantic League ń gbá eré tó lé ní 120 lọ́dún. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ka 211 yẹn, iná pápá tàn gbogbo ẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ wá, owó tó wọlé ò lè san owó iná. Ẹ yọ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ gbá eré láti Ọjọ́bọ̀ sí Àìkú.

Ẹ dákẹ́ ná, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Tí eré bá dínkù, ṣé owó agbábọ́ọ̀lù ò ní dínkù ni?" Èmi náà bá ara mi jà lórí ẹ̀. Èsì mi ni pé kí wọ́n kọ owó sáà sínú ìwé, kó má jẹ́ iye eré ló máa pinnu ẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọjọ́ tó ń jẹ gbèsè, tí ẹ tún wá yọ ọ́ lára owó ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn gbé ìyà láti orí kan sórí kejì ni.

13/ ÌKẸRIN: ẹ tọ́jú àwọn ọmọ yìí. Ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, lọ́jọ́ tí eré ò bá sí, ó ń lọ gbé páálí níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Kò ní ilé. Ìyá àgbà kan ní ìlú yẹn ló fún un ní yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wọ́pọ̀ láwọn líìgì yìí kí ìdílé kan gba agbábọ́ọ̀lù sílé títí sáà á fi parí. Ohun tó dára ni, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi inúure ará ìlú bo àìsanwó mọ́lẹ̀. Wọ́n fi owó ọ̀sẹ̀ méjì wa falẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi rí ẹni yá mi lówó. Ọmọ tó fi ìlú ẹ̀ sílẹ̀ wá, ta ló fẹ́ yá?

14/ ÌKARÙN-ÚN: ẹ jẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ òótọ́. Ẹ máa rí "dọ́là 12" lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó o bá fi máa sanwó tán, owó ìtọ́jú dé, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí dé, omi ìgò kan di iye tó lè ra páálí omi lọ́jà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń ṣírò gbogbo ẹ̀ o. Kì í pariwo. Kò kàn ní padà wá ni.

Ní Savannah, Georgia, tíìmù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lọ lẹ́yìn sáà 2015. Jesse Cole àti ìyàwó ẹ̀ Emily wá gbé Bananas kalẹ̀ ní 2016, nínú pápá tó ti wà láti 1926. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbá a nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, wọ́n ta ilé wọn kí nǹkan tó lè rìn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó oúnjẹ pọ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. O sanwó lẹ́ẹ̀kan, o jẹun, o mu, ó parí. Pápá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tó di 2024, pápá MLB ni wọ́n ń lọ kún.

15/ Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyí o: wọ́n rí Bananas, wọ́n rí ijó, wọ́n ní káwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn náà máa jó. Ọ̀gá mi gbìyànjú ẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin tí wọn ò tíì rówó gbà jó níwájú 300 èèyàn. Mo ya fídíò yẹn, mi ò gbé e jáde. Ojú ń tì mí fún wọn.

Ijó kọ́ ni àṣírí Savannah. Àṣírí ibẹ̀ ni pé wọ́n bi ara wọn pé kí ló ń bí èèyàn nínú ní pápá, wọ́n sì mú un kúrò. Ní St. Paul, Minnesota, Saints ò jó. Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ni wọ́n ní kó máa gbé bọ́ọ̀lù fún rẹfirí, láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ará ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó di àṣà wọn. Ní 2021, Minnesota Twins sọ Saints di tiwọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rín tiẹ̀. Wá èyí tó jẹ́ ti ìlú ẹ.

16/ ÌKẸFÀ: ẹ sọ ìtàn. Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n gbéra ga díẹ̀. Gbogbo oṣù àkọ́kọ́, fídíò bọ́ọ̀lù nìkan la gbé jáde. Èèyàn 90, èèyàn 140. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé ọmọkùnrin yẹn dé ilé ìyá àgbà tó gbà á sílé. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tó wà nínú fíríìjì mọ́jú. Ìyá ní òun mọ̀ pé òun ni. Ó ní ológbò ni. Mo gbé ìṣẹ́jú kan péré jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, èèyàn tó wò ó ti ju iye tó wo gbogbo fídíò wa ìyókù lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá àgbà kó gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ẹ̀ wá sí pápá. Wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ń pariwo pé, "Ta ló jẹ ọbẹ̀?"

Kò sí kámẹ́rà olówó ńlá níbẹ̀. Fóònù mi tó ti fọ́ lójú ni. Gbogbo tíìmù ní ọmọ 25 tí ìtàn wọn wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

17/ ÌKEJE: ẹ pe àwọn tí ẹ ò tíì pè rí. Èyí ló dùn mí jù. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ìjọ Nàìjíríà kan wà tí ò jìnnà sí pápá wa. Tí wọ́n bá fẹ́ jáde lọ gbafẹ́, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni. Ẹ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan, kí wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, kí wọ́n gbé ìlù wá, kí ọmọ wọn ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ó ní, "Àwọn èèyàn yẹn ò fẹ́ràn baseball." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ti pè wọ́n rí?" Kò dá mi lóhùn.

Ẹ wo Blue Crabs ní Waldorf, Maryland, bí wọ́n ṣe súnmọ́ Prince George's County tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ẹ wo Sugar Land, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, tí tíìmù ibẹ̀ ti wà nínú Atlantic League rí kí Astros tó gbà á. Àwa náà ń gbébẹ̀, a ń san owó orí, a lọ́mọ. Orúkọ wa gan-an ti wọ eré yìí: Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, Milwaukee Brewers mú un ní 2015.

Ẹ̀yin obìnrin ńkọ́? Ní 2022, Staten Island FerryHawks gbé Kelsie Whitmore sójú pápá, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ eré nínú Atlantic League. Líìgì olómìnira lè ṣe irú ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Òmìnira yẹn ni agbára wọn, kí wọ́n lò ó.

18/ ÌKẸJỌ: ẹ jẹ́ kí ará ìlú ní ìpín níbẹ̀. Nígbà tí A's ń múra láti fi Oakland, California, sílẹ̀, àwọn kan dá Oakland Ballers sílẹ̀, wọ́n wọ Pioneer League ní 2024. Wọ́n ní kí ará ìlú wá ra ìpín. Àwọn tó rà á lé ní 2,000, owó tó wọlé sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2025, tíìmù yẹn gba ife líìgì náà.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹni tó ra ìpín kékeré kọ́ ló ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: èèyàn 2,000 tó máa sọ pé "tíìmù mi" láì fi ṣàwàdà. Tí òjò bá rọ̀, wọ́n á wá. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kó tíìmù sá lọ lóru, wọ́n á gbọ́. A's gbá eré ní Oakland láti 1968, wọ́n sì lọ lẹ́yìn sáà 2024. Ará ìlú fẹ́ràn wọn títí, ìfẹ́ nìkan ò dá wọn dúró.

19/ MLB náà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kékeré kan. Ní July 2019, níbi eré àwọn àṣàyàn Atlantic League ní York, Pennsylvania, ẹ fi ẹ̀rọ ran rẹfirí lọ́wọ́ láti mọ bọ́ọ̀lù tó wọlé. Àwọn ọmọ yìí lẹ fi dán an wò. Bẹ́ẹ̀sì tó fẹ̀ sí i tí ẹ ń lò láti 2023, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ ti kọ́kọ́ gbé e lọ. Tí èèyàn bá ń fi oko ẹlòmíì dán irúgbìn wò, ó yẹ kó bá a san owó ajílẹ̀. Ẹ san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù fún wọn láwọn sáà tí ẹ bá ń dán nǹkan wò. Kò ní hàn lára owó yín.

20/ Àwọn kan á sọ pé, "Ọjà ni. Èyí tí ò bá tà, kó kú." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọn ò pàtẹ, ṣé a lè sọ pé kò tà? Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ máa fi àánú ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àánú ò lè gbé líìgì ró ju sáà kan lọ. Mo ń sọ pé kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n ní gan-an síta, ní owó tí èèyàn lè san, lọ́wọ́ ẹni tó lè san gbèsè ẹ̀. Tí kò bá tà lẹ́yìn ìyẹn, èmi fúnra mi á bá wọn ti ilẹ̀kùn.

21/ Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò pè mí padà. Wọ́n ní owó ò sí fún fídíò. Ọmọkùnrin yẹn ò padà síbẹ̀ náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní baseball ní ìlú ẹ̀. Ó ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Ìyá ò lọ sí pápá mọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní, "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́."

Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá yẹn ò sọ pé eré ò dùn. Wọn ò sọ pé ó wọ́n. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ ni.

22/ Tó o bá ń gbé níbi tí irú tíìmù yìí wà, lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yìí. Mú ẹnì kan dání. Lẹ́yìn eré, wọ́n máa ń dúró fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọdé, ẹ̀rọ̀ọ̀ṣọ̀ ò sí níbẹ̀. Bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Níbo lo ti wá?"

Tó o bá wà nílé, ṣe bẹ́ẹ̀ fún tíìmù ìlú ẹ. Bàbá mi ṣì ń gbọ́ rédíò.

Ó yá, ẹ bọ́ sí comment. Kí ni nǹkan "tiwa" tó ń kú lọ ní ìlú yín tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà sí fídíò? Mo fẹ́ kà á. Mo sì ti ra fóònù tuntun.